Sípíkà kékeré pẹ̀lú wúfà, àbí sípíkà ńlá pẹ̀lú túùbù? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin yékéyéké nínú pálọ̀

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lùlù agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yẹn ni mo fi ń dán sípíkà wò. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun síwájú mi, àpàlà Haruna Ishola ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí i, màá sì panu mọ́. Lórí fóònù, ẹ máa mọ̀ pé ìlù ń dún. Lórí ẹ̀rọ tó yanjú, ẹ máa gbọ́ ohun tí ìlù ń wí: ibi tí onílù ti fún ọṣán pọ̀ kí ohùn tó gòkè, ibi tó ti tú u sílẹ̀, àti bí agídìgbo ṣe ń kùn lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń bára rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí béèsì bá bo àárín mọ́lẹ̀, ìlù ti yadi nìyẹn, bó ti wù kí owó ẹ̀rọ náà pọ̀ tó.

Ètò méjì ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Mo ti lo méjèèjì nínú pálọ̀ kan náà: mítà 5 sí 4, àjà mítà 3, táìsì nílẹ̀, POP lókè, fèrèsé alúmínọ́ọ̀mù méjì. Ẹ̀yin náà mọ irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ètò kékeré ni sípíkà kékeré méjì lórí ìdúró, wúfà (àpótí tó dá dúró, tí ń dún béèsì nìkan), ampilifáyà class D (irú ti òde òní tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná), orin láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti máìkì tí a fi ń wọn ìró yàrá. Ètò ńlá ni sípíkà ẹlẹ́nu kàkàkí, ampilifáyà onítúùbù (èyí tó ń lo gílóòbù gíláàsì tí ń tàn, bíi ti rédíò àtijọ́), àti giramafóònù tí ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlá, mo fi sípíkà KEF LS50 Meta ṣe àpẹẹrẹ èyí àkọ́kọ́, mo sì fi Klipsch Heresy IV ṣe ti èkejì. Ẹ lè fi òmíràn tó jọ wọ́n rọ́pò. Nínú tábìlì yìí, dB ni ìwọ̀n bí ìró ṣe pariwo tó; Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó bá sì ṣe kéré tó ni béèsì ṣe jìn tó.

| | Ètò kékeré | Ètò ńlá |
|---|---|---|
| Ìró tí wáàtì 1 ń mú wá ní mítà 1 | 85 dB | 99 dB |
| Ibi tí béèsì ń balẹ̀ sí | 47 Hz, ó ti fi 6 dB rẹlẹ̀ níbẹ̀ | 48 Hz |
| Agbára tó fẹ́ | wáàtì 50 sókè | wáàtì 8 lè tó o |
| Ooru | díẹ̀ | púpọ̀ |
| Títún béèsì ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà | ó rọrùn | ó ṣòro |

Sípíkà

Ìlà àkọ́kọ́ inú tábìlì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. 85 sí 99, ó jọ ohun kékeré lójú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìró, gbogbo 3 dB tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ ní láti sọ agbára ampilifáyà di ìlọ́po méjì. 14 dB tó wà láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ ìlọ́po 25. Bí Heresy bá ná wáàtì 1 láti kígbe kan, LS50 Meta máa ná wáàtì 25 kó tó ké irú igbe yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n má ra ampilifáyà kí wọ́n tó mọ sípíkà. Túùbù oníwáàtì 8 lórí sípíkà kékeré dà bí ìgbà tí ẹ fi ọ̀kadà fa tírélà.

Báwo ni sípíkà ńlá ṣe ń rí i ṣe? Ẹ wo kàkàkí: ìdí rẹ̀ tóóró, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Èémí kékeré tó bá gba inú rẹ̀ kọjá máa dé ìta pẹ̀lú agbára. Paul Klipsch, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọgbọ́n yìí di òkòwò ní 1946 pẹ̀lú Klipschorn, sípíkà gìrìwò kan tí wọ́n ń gbé sí igun yàrá kí ògiri lè bá a ṣe ẹnu kàkàkí. Nígbà yẹn, ampilifáyà ilé kò ju wáàtì díẹ̀ lọ, nítorí náà sípíkà ló ní láti ṣiṣẹ́ púpọ̀. (Kí ẹ tó sọ pé Klipschorn lẹ fẹ́, ẹ ka igun tó ṣófo nínú pálọ̀ yín. Tèmi, ilẹ̀kùn wà ní ọ̀kan, fíríìjì wà ní èkejì.)

Ohun tó yà mí lẹ́nu wà ní ìlà kejì tábìlì. Sípíkà béèsì inú Heresy jẹ́ ínǹṣì 12, àpótí rẹ̀ sì tóbi ju ti LS50 Meta lọ fíìfíì, síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìn jù ú lọ nísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ fún ìdí rẹ̀: òfin irin Hofmann. Hofmann yìí ló ni lẹ́tà H tó wà nínú orúkọ KLH, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà. Òfin náà kò le: àpótí kékeré, béèsì tó jìn, àti ariwo ńlá láti inú agbára díẹ̀, méjì péré lẹ lè mú nínú mẹ́ta. Heresy fi béèsì sílẹ̀ kó lè ké. LS50 Meta fi igbe sílẹ̀ kó lè kéré. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì máa ń dún ní nǹkan bíi 41 Hz. Nítorí náà, bó ṣe jùjú ni ẹ ń gbọ́ o, tàbí Fela, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fẹ́ wúfà. Ẹni tó ra sípíkà ńlá torí pé ó fẹ́ béèsì jíjìn lè ti ṣi ọjà rà.

Ní ti adùn ńkọ́? Mo máa sọ tèmi. Ìpè, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lórí sípíkà ẹlẹ́nu kàkàkí kò ní ẹlẹgbẹ́. Ó dà bíi pé ẹ jókòó níwájú báǹdì lóde àríyá, tí ẹ lè na owó mọ́ olórin níwájú. Fún fújì tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, òun ni màá mú. Ṣùgbọ́n LS50 Meta fi sípíkà tí ń dún lókè sí àárín gbùngbùn èyí tí ń dún nísàlẹ̀, ìró gbogbo sì ń ti ojú kan jáde. Ohùn èèyàn a dúró gbọin láàárín sípíkà méjèèjì, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo ẹnu olórin. Ohùn gángan tó ń yọ́ gòkè tó ń yọ́ wálẹ̀ kì í fò láti ojú kan sí òmíràn. Fún àpàlà, fún ìjálá, fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ inú orin jẹ lógún, èyí kékeré ló lé wájú.

Ampilifáyà, ooru àti iná

Bí a bá ń gbé ní ìlú tí iná kì í lọ, tí òtútù sì ń mú, ìjà yìí kì bá dọ́gba. Túùbù 300B lẹ́wà lójú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ọ̀kan rẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń fúnni ní nǹkan bíi wáàtì 8. Ṣùgbọ́n kó tó fúnni ní 8 yẹn, ampilifáyà náà lè máa fa ohun tó ju wáàtì 100 lọ lára iná, yálà orin ń dún o, tàbí ẹ kàn tan án sílẹ̀ tí ẹ lọ dáná. Fáànù méjì rèé lórí ínfátà yín. Ìyókù iná yẹn ń di ooru sínú pálọ̀ tó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì tan AC láti lé ooru tí ampilifáyà ń dá sílẹ̀. Class D kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú iná tó bá gbà, sípíkà ló ń gbé e lé lọ́wọ́. Ẹ lè fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta kó má jó yín.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí túùbù ti na class D nílẹ̀ ni àtúnṣe. Inú ampilifáyà onítúùbù kò díjú. Bàbá tó ti ń tún rédíò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ lè ka ìlà rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, bí túùbù bá sì kú, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Páálí class D tó bá jó, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ odindi ni, ọ̀nà sì lè jìn kó tó dé. Àmọ́ ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé, kó rántí pé iná inú túùbù lè ju fóltì 300 lọ, ojú gíláàsì rẹ̀ sì lè bó ọwọ́ ọmọ.

Ínfátà tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine wave (iná tí ìgbì rẹ̀ ń lọ geere) kò yẹ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tiransifọ́mà á máa kùn bí oyin. Iná tó ń lọ sókè-sódò láti ọ̀dọ̀ Nẹ́pà, ẹ fi sitẹbiláísà gbà á, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ náà mu iná láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá so ọ̀kan mọ́ ògiri yìí, tí ẹ so èkejì mọ́ ògiri ọ̀hún, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa gbọ́ húù-húù tí kò ní lọ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fi ampilifáyà arẹwà kan ránṣẹ́ sí mi lọ́dún kan. Inú mi dùn débi pé n ò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Fóltì 120 ni wọ́n kọ síbẹ̀, 230 ni mo kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Òórùn rẹ̀ wà nínú kọ́tìnì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹrù láti London kì í ní wàhálà yìí, torí iná wọn jọ tiwa. Ẹrù láti Amẹ́ríkà ní òmíràn tí tiransifọ́mà asọ-iná-kalẹ̀ kò lè wò: iná wọn jẹ́ 60 Hz, tiwa 50. Giramafóònù tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀ lé iná máa falẹ̀ níbí. Dípò 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi 27.8 ló máa yí, olórin á sì dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré: bó bá ń mí, orin náà á máa mí. Giramafóònù tí quartz (òkúta kékeré tí ń pa àkókò mọ́ bíi ti aago) ń ṣàkóso mọ́tò rẹ̀, bíi Technics SL-1200MK2 tó jáde ní 1979, bọ́ lọ́wọ́ èyí, ṣùgbọ́n fóltì rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ bá tiwa mu.

Rẹ́kọ́ọ̀dù àbí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi páálí rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún kò nílò ìmọ̀ràn mi. Kó ra giramafóònù. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òfo ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ ń kó eruku wá, òjò ń kó èbu wá, oòrùn tó bá wọlé láti ojú fèrèsé lè lọ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bí ewé iyá. Ó fẹ́ ìtọ́jú bí ọmọ tuntun. Ohun tí ẹ ó fi rí gbà ni orin tí kò sí níbòmíràn, torí ọ̀pọ̀ àwo àpàlà àti sákárà kò tíì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn tó sì dé ibẹ̀, ara àwo tó ti ha ni wọ́n ti dà á kọ. Ilẹ̀ kọnkéré wa tún ràn wá lọ́wọ́: abẹ́rẹ́ giramafóònù kì í fò bí ọmọ bá sáré kọjá. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ilé onípákó nílẹ̀ ní London mọ ìyà tí mò ń wí, àwọn náà ni wúfà sì máa ń dá ìjà aládùúgbò sílẹ̀ fún.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, orin tó tó ti CD, tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, máa jẹ dátà bíi 300 sí 400 MB ní wákàtí kan. Èyí tí wọ́n fún pọ̀ sí 320 kbps máa jẹ 144 MB. Ẹ wa orin tí ẹ fẹ́ràn sílẹ̀ lóru tí dátà pọ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Kò sí ìdí láti náwó gọbọi sórí DAC, ẹ̀rọ tí ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì orin di ohùn. Èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lóde òní ti dára kọjá ohun tí etí wa lè fi bú u. Ẹ ṣáà má fi Bluetooth so ẹ̀rọ olówó ńlá.

Yàrá: ibi tí owó yín ń lọ tàbí tó ń dúró

Ẹ dúró láàárín pálọ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ "tirírí" lẹ́yìn rẹ̀, táìsì àti àjà POP ló ń ju ìró síra wọn. Rọ́ọ̀gì tó nípọn láàárín sípíkà àti àga, kọ́tìnì tó wúwo, àti àga onífóòmù lè pa ìyẹn. Owó kékeré ni.

Béèsì ni ọ̀tá gidi. Ìró máa ń rìn ní nǹkan bíi mítà 348 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ooru wa. Ẹ pín in sí ìlọ́po méjì gígùn yàrá, ẹ ó mọ ohùn tí ògiri máa ń gbé sókè fúnra rẹ̀. Pálọ̀ mi tó jẹ́ mítà 5, 4 àti 3 ń fún mi ní 35, 43.5 àti 58 Hz. Ẹ rántí okùn gìtá béèsì tó ń dún ní 41? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanrí pẹ̀lú 43.5. Nítorí náà, nínú orin jùjú, béèsì kan á yọ́ kọjá, òmíràn á wú bí ẹní gbé ìkòkò sórí, ẹ ó sì máa rò pé sípíkà ló bàjẹ́. Yàrá tí gígùn àti ìbú rẹ̀ dọ́gba burú jù, torí ohùn kan náà ni ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń gbé. Kọ́tìnì kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí, ìgbì 43.5 Hz gùn tó mítà 8, á gba inú aṣọ kọjá bí afẹ́fẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́: ẹ ṣí sípíkà nídìí. Ẹ gbé wọn kúrò lára ògiri, kí sípíkà méjèèjì àti orí yín jẹ́ igun mẹ́ta tó dọ́gba, kí ẹ máa sún wọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, 10. Má jẹ́ kí àga yín wà ní àárín gbùngbùn yàrá. Fún wúfà, ẹ gbé e sórí àga tí ẹ máa ń jókòó lé, ẹ fi orin béèsì kan sí i, kí ẹ wá máa rákò káàkiri ilẹ̀. Ibi tí béèsì bá ti dún ketekete, tí kò wú, tí kò sì sọnù, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé wúfà sí. Ìyàwó mi ya fọ́tò mi lọ́jọ́ yẹn, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ti rí i.

Ọ̀nà kejì ni ètò kékeré ti fi ètò ńlá sẹ́yìn pátápátá. Máìkì UMIK-1 ti miniDSP àti sọ́fítíwìà REW, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ya àwòrán ìró yàrá yín sórí kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbé máìkì sí ibi tí etí yín máa ń wà, ẹ jẹ́ kó dún láti 20 Hz lọ sókè, ẹ wo ìsàlẹ̀ 200 Hz. Ibi tó bá yọ gọ́ńgọ́, ẹ gé e. Ibi tó bá jin kòtò, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ń rọ agbára sínú kòtò, yàrá á kàn máa gbé e mì, wúfà á sì máa jìyà lásán. Ẹ jẹ́ kí wúfà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sípíkà níbi 80 Hz, kí ẹ wá yí phase (bọ́tìnnì tó ń mú ìgbì wúfà bá ti sípíkà rìn pọ̀) títí ibi tí wọ́n ti pàdé fi kún jù. Bí ẹ bá ní wúfà méjì, ẹ gbé wọn dojú kọra ní àárín ògiri ọ̀tún àti ti òsì. Ìwú yẹn á rọlẹ̀ púpọ̀. Sọ́fítíwìà Dirac Live ti àwọn ará Sweden máa bá yín ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni. Ètò ńlá tó gba orin láti abẹ́rẹ́ lọ sí túùbù tààrà kò ní ibi tí ẹ ti lè ki gbogbo èyí bọ̀ ọ́, àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ orin náà di nọ́ńbà, ìgbà yẹn ni ìdí tí ẹ fi ra rẹ́kọ́ọ̀dù ti lọ díẹ̀.

Wáyà? Wáyà kọ́pà 2.5 mm tí àwọn oníṣẹ́ iná ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti tó sípíkà fún mítà mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tó ń ta wáyà tí owó rẹ̀ tó ti ọkọ̀ fún yín, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Tí owó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀

Nínú pálọ̀ mi, ètò kékeré ló dúró. Mo ta ètò ńlá fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ní yàrá mítà 8 sí 6 ní Ìbàdàn, tó sì ní páálí rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́kànlá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà wá mí sí dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ ariwo agbo nínú ilé ńlá, tí iná rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀, kó gba ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi lọ. Kó má ṣàṣejù nídìí bọ́tìnnì ohùn ṣá, torí ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya, sípíkà pàápàá ń ya.

Ẹni tó bá tẹ̀ lé mi, kó kọ́kọ́ ra sípíkà. Ìdajì owó lè lọ síbẹ̀, kò burú. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kó ṣí aṣọ iwájú rẹ̀, kó fi ìka kan etí sípíkà béèsì inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóòmù, tó sì ti pẹ́ tó ọdún 15, ó lè máa fọ́ sí yín lọ́wọ́ bí àkàrà àná; rọ́bà ló máa ń kẹ́. Ampilifáyà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ rọ́ọ̀gì, lẹ́yìn rẹ̀ máìkì. Wúfà kan wá sí i nígbà tí máìkì bá ti fi ibi tó yẹ hàn yín. Èkejì lè dúró di lẹ́yìn Iléyá.